Kámẹ́rà Ni Ó Yẹ Ayẹyẹ Òwò Wa

Ìlú ọjà ni ìlú wa. Kí Òyìnbó tó dé àárín wa ni òkìkí ọjà Àpòmù ti kàn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ná ọjà. Aáwọ̀ lórí ataare tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Báwo ni a ṣe mọ̀? Àlùfáà Samuel Johnson ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Òwò àìmọye ni àwọn baba àti ìyá wa ṣe nínú ọjà yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè sọ nípa wọn lónìí.

Òwò kò tíì tán ní ìlú wa. Àwọn arìnrìn-àjò tí ń gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣì ń ra dòdò Ìkirè, èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, ata àti epo pupa ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe òmìnira fún ọmọṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, fóònù ni a ń rí tí ọwọ́ gbé sókè. Èrò wa ni pé ayẹyẹ tí kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbà gbọ́, kámẹ́rà gidi ni ó yẹ kí a fi gbà á sílẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà. Fóònù dára fún ìròyìn. Kámẹ́rà ni ti àkọsílẹ̀.

A kò fojú tín-ínrín fóònù. Ní 2019, gbogbo ayé gbọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kàdúná, The Critics Company, tí wọ́n ń fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ṣe fíìmù kúkúrú. Ní Amẹ́ríkà, fóònù iPhone 5s ni Sean Baker fi ya fíìmù Tangerine tí ó jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi lẹ́ǹsì mìíràn kún ti fóònù Baker, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gba ohùn, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n sì dì í mú. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ìran kan kò bá dára, wọ́n lè tún un ṣe. Ọmọṣẹ́ tí ó ń gba òmìnira kì í kúnlẹ̀ gba àdúrà ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìmọ́lẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ńlá àwọn oníṣẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24. Ti ọ̀pọ̀ fóònù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sọ bóyá a ó dá ojú alága mọ̀. Bákan náà, lẹ́ǹsì kámẹ́rà lè fa ẹni tí ó wà lókèèrè súnmọ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù wulẹ̀ ń gé àwòrán, wọ́n sì ń fẹ̀ ẹ́, títí yóò fi ṣú.

Ohùn tún ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Fóònù tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yóò gba ariwo jẹnẹrétọ̀, ìlù àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó gba ohùn akápò. A lè so kámẹ́rà mọ́ máìkì tí ó wà láyà olùsọ̀rọ̀, tàbí mọ́ ẹ̀rọ tí ń darí ohùn gbọ̀ngàn. Níbi ayẹyẹ òwò, ọ̀rọ̀ gan-an ni ọjà: iye owó tí ẹgbẹ́ ní, èrè tí a ó pín, ìlérí tí a ṣe fún oníbàárà. Bí aáwọ̀ bá dé lọ́la, ohùn tí ó ṣe kedere ni yóò parí rẹ̀.

Ìfaradà ni ẹ̀kẹta. Ìpè kan lè dá fídíò dúró lórí ọ̀pọ̀ fóònù; oòrùn lè mú un gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀. Fídíò 4K lórí iPhone ń gba nǹkan bíi 170MB ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó ju 10GB lọ ní wákàtí kan. Ààyè mélòó ni ó ṣẹ́kù lórí fóònù tiwa? Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àwọn oníṣẹ́ ní ààyè fún káàdì méjì, kí ọ̀kan lè gba ẹ̀dà ohun tí èkejì ń gbà. Tí a bá sì fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, yóò rún un kéré, ẹwà rẹ̀ yóò sì dínkù. Ní ìgbẹ̀yìn, ogún ènìyàn yóò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kò sì ní sí ẹni tí ó ní odindi ayẹyẹ náà.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan kò tó. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni Ọ̀gbẹ́ni Túndé Kèlání kọ́kọ́ ṣe ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ó tún lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ àti Ṣaworoidẹ jáde. Àwa tí a kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Bésálẹ́ẹ̀lì nínú ìwé Ẹ́kísódù, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún fún iṣẹ́ ọnà àgọ́. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì yẹ kí a sanwó fún un. Bí gbogbo wa bá ń fi fóònù dípò ayàwòrán, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Òótọ́ ni pé ọwọ́ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n owó tí a ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́, àga àti oúnjẹ kì í kéré, ọjọ́ kan náà ni oúnjẹ sì ń tán. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹgbẹ́ méjì lè pawọ́ pọ̀ háyà ayàwòrán kan; ẹlòmíràn lè gbà á fún wákàtí tí ó ṣe kókó nìkan. Bí kò bá sí ọ̀nà rárá, kí a yan ẹnì kan ṣoṣo sídìí fóònù, kí ó gbé e ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ní ìbú, kí ó dí ọ̀nà ìpè, kí ó sì jókòó nítòsí olùsọ̀rọ̀.

Ní àkókò àjọ̀dún yìí, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ni pé kí a ra kámẹ́rà kan fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì wá oníṣẹ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní lílò rẹ̀. Kí wọ́n fi ìpàdé alájẹṣẹ́kù àti òmìnira oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkirè àti Àpòmù kọ́ iṣẹ́, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà méjì sí ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà náà, àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí ojú wa, wọn yóò sì gbọ́ ohùn wa bí a ti ń ṣòwò. Kí Olúwa ran ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.