Ohun Tí Cooperstown Kò Kọ Nípa John Ward

Ní 1964 ni ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown gba John Montgomery Ward wọlé. Àkọlé tí wọ́n kọ fún un ròyìn ìdíje 1880 tó fi ju bọ́ọ̀lù fún Providence, tí alátakò kankan kò fẹsẹ̀ kan ibùdó kìn-ín-ní. Kò mẹ́nu ba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òun àtàwọn eléré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní New York ní 1885, bẹ́ẹ̀ ohun tó tóbi jù nínú ayé rẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní ogún ẹni tó ti ju irú ìdíje 1880 yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò sí eléré Amẹ́ríkà tó ṣe é ṣáájú wọn.

Láti 1879 ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ti mulẹ̀ pé bí àdéhùn eléré bá tilẹ̀ parí, ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹni márùn-ún ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó wá kárí. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ tí ẹbí bá san owó olówó, ó parí. Ward, tó gboyè òfin ní Columbia láàárín eré, rí ibi tí ìwé àdéhùn náà ti jò. Nígbà tí àwọn eléré dá líìgì tiwọn sílẹ̀, Giants, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York, pè é lẹ́jọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1890 kó má baà lọ. Adájọ́ Morgan O'Brien wo ìwé àdéhùn náà: ẹgbẹ́ lè lé eléré láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, eléré kò sì lè lọ láéláé. Ó kọ̀, kò dá Ward dúró, Ward sì gbá bọ́ọ̀lù fún Brooklyn nínú líìgì tuntun náà.

Àwọn kan á ní owó eléré ju ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ibi tí ènìyàn lè ta agbára rẹ̀ ni, kì í ṣe ti iye owó. Wọ́n tún lè sọ pé ọdún kan ṣoṣo ni líìgì náà lò. Àwọn òǹwòran kọ́ ló pa á. Àwọn tó fowó sí i ló bẹ̀rù àdánù, tí wọ́n lọ bá àwọn olówó àtijọ́ ṣe àdéhùn. Ẹ̀sùn tó wúwo ni pé kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú rẹ̀, nígbà tí irú Frank Grant, ògbóǹtarìgì ibùdó kejì, kò ríbi gbá. Ẹ̀sùn yẹn dúró, ó sì bu Ward kù. Kò sọ àwíjàre rẹ̀ lórí ìwé àdéhùn di irọ́: oṣù Kejìlá 1975 ni onílàjà Peter Seitz tó dá eléré méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdè kan náà.