Ohun Tó Jọra Kì Í Ṣe Ọ̀kan Náà

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun: èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé èèpo ẹ̀pà ni pósí ẹ̀lírí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde sọ nìyẹn. A máa ń fi àwọn tó ń yẹ ara kòkòrò wò ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé wọn kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni iṣẹ́ wọn àti iṣẹ́ tiwa, wọ́n sì nílò wa.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kan oúnjẹ wa. Bí ẹ bá rí ewé àgbàdo tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n rúsúrúsú bò, fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Kòkòrò kékeré kan tí kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ ló ń gbé e láti ara àgbàdo kan dé òmíràn. Cicadulina ni orúkọ àjọjẹ́ wọn. Ní àwọn ọdún 1920, H. H. Storey fi hàn pé Cicadulina mbila ń gbé àìsàn náà kiri. Ní 1932, ó tún fi hàn pé nínú mbila fúnra rẹ̀, àwọn kan lè gbé e, àwọn mìíràn kò lè gbé e, àjogúnbá sì ni.

Mbila nìkan kọ́ ló wà. Storeyi wà, arachidis wà, similis wà, àwọn mìíràn sì tún wà. Gbogbo wọn ló ní àmì dúdú róbótó méjì lórí, wọn kò sì mọ àìsàn yìí gbé bákan náà. Ní IITA ní Ìbàdàn, wọ́n sin kòkòrò yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń tú u sórí àgbàdo kí wọ́n lè yan irúgbìn tí àìsàn náà kò rí gbé ṣe. Ẹ wá rò ó wò: bí ẹnì kan bá sin oríṣi tí kò mọ àìsàn gbé dáadáa, tó sì pè é ní mbila, àgbàdo tí kò lágbára yóò dà bí akọni. Àgbẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀? Àwọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọn yóò mú akọ, wọn yóò gé ikùn rẹ̀, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú potassium hydroxide títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi yọ́, tí èèpo líle nìkan yóò kù. Wọn yóò fi omi ṣàn án, wọn yóò gbé e sínú gilísáríìnì lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọ̀pá kékeré tí akọ fi ń da àtọ̀ sára abo, èyí tí wọ́n ń pè ní aedeagus, ni wọ́n ń wá. Ṣé ó tẹ̀ ni àbí ó tọ́? Ṣé ó ní ìwo, ẹ̀gún ńkọ́? Ibẹ̀ ni orúkọ wà. Abo ló ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, akọ tí wọ́n bá pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ẹ̀yin tó ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ tiwa? "Ní ilé" di "nílé", "ní owó" di "lówó". L àti n yàtọ̀ létí, síbẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ètò èdè wa. Ẹ wá wo ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́: lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àwọ̀ kòkòrò dà bíi l àti n; aedeagus dà bí ohùn orí ọkọ. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ìyàtọ̀ tó ka nǹkan yàtọ̀ sí èyí tí kò ka nǹkan. Kódà àwọn kòkòrò yìí ń sọ̀rọ̀: akọ ń gbọn igi ewé, abo ń dáhùn, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní ìlù tirẹ̀.

Ẹnì kan lè ní DNA ti dé, kí ni a tún ń gé ikùn kòkòrò sí? DNA láìsí orúkọ dà bí ohùn tí a gbà sílẹ̀ láìkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìlú tó ti wá. Ara kòkòrò tí wọ́n tọ́jú sí mùsíọ́ọ̀mù, tí ẹnì kan ti yẹ̀ wò fínnífínní, ni orúkọ náà rọ̀ mọ́.

Níbo ni a ti wọlé? Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè àti lítíréṣọ̀. A ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti aládùúgbò. Kí ẹ̀ka wa gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn fi orúkọ ẹ̀yà ara kòkòrò ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kí ó jókòó ti máíkírósíkóòpù kó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó bá jókòó sílé túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò pe kòkòrò yìí ní "afò-lórí-ewé". Tata ńkọ́? Òun náà ń fò lórí ewé. Orúkọ tí kò lè ya méjì sọ́tọ̀ kò tíì di orúkọ.