Igi tí wọ́n fi ń ti búùtù mọ́tò: orí ta ni yóò bà?

Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn mọ́tò Sienna ti máa ń tò síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Iṣu ń bọ̀ láti Ìsẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bọ̀ láti Ẹmùrè. Dẹ́rẹ́bà á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á fa igi kan yọ lábẹ́ ìjókòó, á fi ti ilẹ̀kùn náà sókè.

"Yèyé, ẹ wá máa kó iṣu yín o. Igi yẹn ò lè yẹ̀."

Yèyé á tẹrí wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Alábàárù kan á gbé àpò gàrí kọjá, á fi èjìká kan igi. Gbì! Bí kò bá ba orí, á ba ìka ọwọ́.

Ọlọ́ṣùnta nìkan ló lè dá dúró ní Ìkẹ̀rẹ́ láìsí ẹni tó tì í. Ti ilẹ̀kùn mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Irin róbótó méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni àwọn tó ṣe mọ́tò fi gbé e ró. Ṣọ́ọ̀kì búùtù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Kì í ṣe sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀ o. Gáàsì náítírójìn ni wọ́n rọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, agbára gáàsì náà sì lè tó ìlọ́po 30 tàbí 40 ti afẹ́fẹ́ inú táyà. Láti 1962 ni ilé-iṣẹ́ Stabilus ní Jámánì ti ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Kódà, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun. Òun ló ń gbé òpó ìsàlẹ̀ ìgbòkun ró kí ó má baà já lu àwọn èrò. Iyọ̀ òkun ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Èkìtì kò ní òkun, ṣùgbọ́n òjò ń bẹ. Mọ́tò tó sùn ní ọgbà mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta, tí búùtù rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ṣé ó yẹ kí ẹnu ya ẹnikẹ́ni bí ọ̀pá dídán ara ṣọ́ọ̀kì bá dógùn-ún? Ìpẹtà yẹn á máa họ rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀, gáàsì á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Òtútù ọyẹ́ tún máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tó dúró lọ́sàn-án fi ń já wálẹ̀ ní kùtùkùtù.

Àwọn kan á ní kí fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́. Kò ṣeé ṣe, ti mọ́tò kò ní ẹnu tí wọ́n lè gbà fún un. Òmíràn á gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Háà! Ibi tí ikú wà gan-an nìyẹn. Bí iná bá kàn án, tàbí tí wọ́n fi ayùn là á, ó lè bú gbàmù bí ìbọn, ọmọọṣẹ́ tó dì í mú ló sì máa jìyà rẹ̀. Èyí tó ti rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ dé inú iná ààtàn.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Kí ẹnì kan fi igi tó nípọn gbé ilẹ̀kùn dúró (ibí yìí ni igi ti wúlò), kí mẹkáníìkì fi sukudiráfà kékeré yọ wáyà tó há ẹnu ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí irin roboto, á sì bọ́. Méjèèjì ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan le tí èkejì rọ̀, ilẹ̀kùn á wọ́. Kí wọ́n wo nọ́ńbà ara èyí tí wọ́n tú: 400N túmọ̀ sí pé ó lè ti ohun tó wúwo tó nǹkan bí 40 kìlógíráàmù. Kí gígùn wọn dọ́gba. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ọ̀pá dídán ni kó kọjú sísàlẹ̀, kí ọ́ìlì lè máa rin rọ́bà. Píláyà kò sì gbọdọ̀ kan ọ̀pá náà, torí bó bá ti ha lára, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tòkunbọ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó ti tuntun, àmọ́ ta ló mọ iye ọdún tó ti lò lókè òkun?

Dẹ́rẹ́bà á ní owó kò sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá ọjà ló ń sanwó mọ́tò, orí tiwọn ló sì ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí igi níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní kí dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ kó iṣu náà wọlé.