Ohun Tí Ìyàwó Ọ̀gá Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Fojú Rí ní Bergues

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí rọrùn débi pé ọmọ iléèwé lè túmọ̀ rẹ̀ láì ronú, bóyá ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tí àwọn ará Faransé gbé jáde ní 2008, Bienvenue chez les Ch'tis, gbè é lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó bi òwe náà ní ìbéèrè tó le.

Philippe Abrams, tí Kad Merad ṣe, ni ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Salon-de-Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé níbi tí oòrùn kì í ti í wọ́n wọn. Ìyàwó rẹ̀, Julie, fẹ́ kí wọ́n lọ máa gbé létí òkun. Kí wọ́n lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, Philippe díbọ́n bí arọ. Àṣírí tú. Wọn kò lé e lẹ́nu iṣẹ́ o. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lójú tirẹ̀: ọdún méjì ní Bergues, ìlú kékeré kan nítòsí Dunkirk, ní àríwá pátápátá.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa àríwá ní gúúsù? Òtútù, òjò, òṣì, ọtí àmupara, àti èdè tí kò ṣeé gbọ́. Bàbá arúgbó kan nínú ẹbí ìyàwó rẹ̀ ṣàpèjúwe òtútù ibẹ̀ bí ẹni ń pa àlọ́ iwin. Philippe gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀ nínú oòrùn gangan, ó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ ẹ̀wọ̀n, títí ọlọ́pàá fi dá a dúró pé eré rẹ̀ ti kéré jù. Ọlọ́pàá gbọ́ ibi tó ń lọ, àánú ṣe é, ó ní kó máa lọ láìsanwó ìtanràn. Ẹ wo agbára ìròyìn: òfin pàápàá ń bá ẹni tó ń lọ sí àríwá kẹ́dùn.

Òjò ló pàdé rẹ̀ ní Bergues lóòótọ́. Ó fi ọkọ̀ kọ lu Antoine, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà lanu sọ̀rọ̀, Philippe rò pé àgbọ̀n rẹ̀ ló ti ṣèṣe. Bẹ́ẹ̀ ohùn ìlú wọn ni. Ẹ mọ bí a ṣe ń fi ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣ kò sí lẹ́nu wọn, s ni wọ́n ń pè? Àwọn Ch'tis, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ará àríwá yìí, yí tiwọn padà, s ni wọ́n ń sọ di ṣ. Dany Boon tó ṣe Antoine ló tún darí fíìmù náà, ọmọ Armentières ní àríwá níbẹ̀ sì ni. Ẹ̀fẹ̀ nípa ohùn wọn kò dà bí èébú, nítorí ọmọ ilé ló ń ṣe é.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú Philippe ń là. Nílé ìyá Antoine, wọ́n gbé wàràkàṣì Maroilles fún un ní òwúrọ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ lè lé èèyàn jáde nílé, wọ́n ní kó tì í bọ kọfí. Ó jẹ ẹ́. Ó tẹ̀lé Antoine pín lẹ́tà kó lè kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọtí tí wọ́n ń fi lọni láti ojúlé dé ojúlé; kí wọ́n tó parí, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ti yó kẹ́ri lórí kẹ̀kẹ́. Ìròyìn ti pòfo.

Tí fíìmù bá parí síbẹ̀, òwe wa ti jàre. Àmọ́ Philippe fóònù sílé, ó sọ fún Julie pé ibẹ̀ dára. Julie kò gbà. Ó rò pé ọkọ òun ń purọ́ kí òun má bàa dààmú. Nígbà tí Philippe rí i pé òtítọ́ kò tà, ó kúkú sọ ohun tí ìyàwó fẹ́ gbọ́, pé ìyà ń jẹ òun. Kíá, ìkẹ́ dé, ilé tó ti fẹ́ tú tún rójú. Ẹlẹ́rìí tó fojú rí ti di oníròyìn irọ́, torí pé èrè wà níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé Julie ní òun ń bọ̀ wá bá ọkọ òun pín nínú ìyà. Ni Philippe bá jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé ẹhànnà lòun pè wọ́n nílé. Inú bí wọn, síbẹ̀ wọ́n gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé ìyàwó lọ sí àdúgbò awakùsà àtijọ́ kan tó ti di ahoro, wọ́n ní Bergues nìyí, wọ́n mutí, wọ́n pariwo, wọ́n hùwà bí ẹranko. Julie fi ojú ara rẹ̀ méjèèjì rí i. Kí la ó pe ìyẹn o? Kì í ṣe ìròyìn. Àfojúbà ni, irọ́ sì ni látòkèdélẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó ya àfojúbà ọkọ sọ́tọ̀ sí ti ìyàwó ni pé Philippe gbé ibẹ̀, ó jẹun nínú àwo wọn, kò sì rọ́nà sá lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Nígbà tí àṣírí tú, Julie bínú lọ, àmọ́ ó padà wá gbé Bergues gan-an, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ ọ́n.

Fíìmù pàápàá kò tó àfojúbà. Nínú oṣù kẹta 2008 yẹn náà, nígbà tí gbogbo Faransé ń rọ́ lọ wò ó, àwọn kan lára olólùfẹ́ PSG, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Paris, na pátákó aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ ní pápá Stade de France, níbi ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú Lens tó wá láti àríwá. Wọ́n mú orúkọ fíìmù náà, wọ́n fi èébú aláìníṣẹ́, ọmọ tí ẹbí bí fún ẹbí, àti ohun tó burú ju ìyẹn lọ kún un. Ẹ̀rín lásán kò fọ ìròyìn kúrò lára.

Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní Faransé lé ní 20 mílíọ̀nù, kò sì tíì sí fíìmù Faransé mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀ nílé. Ní 2010, àwọn ará Ítálì ṣe tiwọn, Benvenuti al Sud. Ní tiwọn, ará àríwá ni wọ́n rán lọ sí gúúsù, òun ló sì ń gbọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ wo méjèèjì, ẹ fi ti Faransé ṣáájú.