Ajá Mẹ́ta Ti Wà Nílé: Ṣé Ká Gba Ẹ̀kẹrin?

Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn jókòó kó pinnu pé ajá mẹ́rin lòun fẹ́ ní. Ọ̀kan la fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí olè. Èkejì á dé nítorí pé àánú ti àkọ́kọ́ ń ṣe wá, a ní ó ń dá wà. Abo á wá bímọ, a ó fi àwọn ọmọ ta ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ lọ́rẹ, ọ̀kan á ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò gbà. Ó di mẹ́ta nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan á pè láti Bódìjà pé ajá òun bí méje, òun sì ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wa, ká wá mú un kó tó di òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan nínú ilé á ní ká lọ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, àwọn kan á ní èyí tó wà nílẹ̀ ti tó. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sì gbà pé ìhà kankan ń sọ ìsọkúsọ.

Àwọn tó ní ká gbà á ní ẹ̀rí láti ayé àtijọ́. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kì í fẹ́ gbára lé ajá kan ṣoṣo. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ dàgbà, ajá mẹ́ta ló ní: Òkémọ̀kéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Ọ̀kan ń pa, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbálẹ̀. Ọgbọ́n inú àlọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé títí dòní. Ajá Lhasa kékeré tó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Boerboel tàbí Rottweiler ni olè máa rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ajá ìbílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ekuke, ló máa ń rìn yí ọgbà ká lóru, oúnjẹ díẹ̀ sì tó o. Ẹni tó ní irú kan lè fẹ́ irú mìíràn kún un fún ìdí tó yè kooro.

Ajá àgbà tún máa ń kọ́ ajá kékeré níṣẹ́, nígbà mìíràn ju bí èèyàn ṣe lè kọ́ ọ lọ. Ọdẹ á jẹ́ kí ọmọ ajá tẹ̀ lé àwọn àgbà wọ igbó, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ipa ẹran, bí wọ́n ṣe ń padà nígbà tó bá súfèé sí wọn. Nílé náà, láti ara àgbà ni kékeré ti ń mọ ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí àti ẹni tí wọn kì í gbó mọ́. Ṣùgbọ́n rere nìkan kọ́ ló ń kọ́. Bí ajá àgbà bá ń lé ọ̀kadà, tó ń pa adìẹ aládùúgbò, ọmọ ajá á ti mọ̀ ọ́n ṣe kó tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ìdí yìí wúlò fún ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbọ́ràn. Fún ẹlòmíràn, wàhálà tó wà nílẹ̀ ló fẹ́ sọ di púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ dídá wà ni mo rò pé ó yẹ ká farabalẹ̀ wò. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lè kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kó má dé títí aago mẹ́jọ alẹ́. Ajá kan ṣoṣo tó wà lórí ṣéènì láti òwúrọ̀ dalẹ́ ń jìyà, kò sí àní-àní. Bí ajá bá jẹ́ méjì, wọ́n á máa bá ara wọn ṣeré, wọ́n á máa sùn ti ara wọn. Ṣùgbọ́n àlàyé yìí, ti èkejì ni, kì í ṣe ti ẹ̀kẹrin. Ajá tó ti ní ẹgbẹ́ méjì kò dá wà mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ajá sì ti kíyè sí i pé ajá tó ń hu, tó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn nígbà tí olówó rẹ̀ bá jáde, èèyàn ló sábà máa ń wá. A lè kó ajá mìíràn tì í kó ṣì máa hu lọ, kí àlejò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a hu.

Ìdí tí mo kà sí jù ní ìhà yìí ni ọjọ́ orí. Ajá ńlá kì í pẹ́ láyé. Boerboel tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń darúgbó, nígbà tí Lhasa lè lo ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá. Ẹni tí aṣọ́nà rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ́ ilẹ̀, tó fẹ́ kí ọmọ ajá dé nígbà tí àgbà náà ṣì lè fi ọ̀nà hàn án, ọlọ́gbọ́n ni. Àánú náà ní àyè tirẹ̀. Abo ni àwọn èèyàn sábà máa ń kọ̀ nínú àwọn ọmọ ajá, nítorí wọn ò fẹ́ wàhálà oyún, òun náà ni wọ́n sì máa ń lọ jù sẹ́bàá ọjà. Ẹni tó gbé irú rẹ̀ wálé ṣe ohun tó dára, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní ká má gbà á kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n sì jàre. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, oúnjẹ ajá inú àpò tó ń ti òkè òkun wá ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ìrẹsì, ṣàwá, orí adìẹ àti ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n ń sè, ó sì dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà yọ egungun adìẹ tí a ti sè kúrò, nítorí ó máa ń fọ́ ṣọnṣo, ó sì lè gún ìfun. Ẹ̀bà lásán kò lè tọ́ ọmọ ajá ńlá dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀. Bí oúnjẹ ajá mẹ́ta bá ti ń fún ilé lọ́rùn lópin oṣù, ìpín àwọn tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀kẹrin máa jẹ.

Síbẹ̀, oúnjẹ kọ́ ló ń tú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ká. Ìjà ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láàárín ajá méjì, ìbáṣepọ̀ kan ló wà. Láàárín ajá mẹ́ta, mẹ́ta ni. Bí ajá bá di mẹ́rin, ìbáṣepọ̀ á di mẹ́fà. Bí ó bá di márùn-ún, á di mẹ́wàá. Ajá kan péré la fi kún mẹ́ta, ọ̀nà tí ìjà lè gbà wọlé sì di ìlọ́po méjì.

Ìjà yìí ní ibi tó ti máa ń ṣẹlẹ̀: ìdí abọ́ oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà tóóró, iwájú géètì. Ti géètì ló burú jù. Ẹnì kan ń kọjá lọ ní títì, ajá mẹ́rin sáré lọ síbẹ̀, wọ́n ń gbó, ara wọn ti gbóná, ọwọ́ wọn ò sì lè tó ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Èyí tó wà níwájú á ṣàdédé yí padà, á bu èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù lè dà bò ó, títí kan èyí tí wọ́n jọ ń sùn pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba ọgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Omi tútù látinú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ariwo ńlá ló yẹ ká fi là wọ́n.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni àlàáfíà ọdún àkọ́kọ́. Ajá àgbà máa ń fàyè gba ọmọdé, á jẹ́ kó fa òun létí, kó gun òun lórí. Ìgbà tí ọmọ náà bá ń lọ sí ọmọ ọdún méjì ló máa ń fẹ́ mọ ẹni tó lágbára jù, ìgbà yẹn sì ni onílé á máa ṣe hàà pé wọ́n ti wà pọ̀ tipẹ́. Ìjà abo sí abo ló sábà máa ń le jù, nítorí àwọn méjì tó ti dá ọgbẹ́ sí ara wọn lára lè má tún rẹ́ láéláé. Èyí ni mo fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ọlọ́jà fẹ́ fi abo méjì tí a bí pọ̀ lọ̀ ní ẹ̀dínwó. Yàtọ̀ sí ìjà, ọmọ ìyá kan náà tó dàgbà pọ̀ lè mọ ara wọn ju bí wọ́n ṣe mọ ẹni tó ń bọ́ wọn lọ.

Bí akọ àti abo bá sì wà nínú ọgbà kan láìtẹ akọ lọ́dàá, láìṣe iṣẹ́ abẹ fún abo, iye ajá inú ilé kò sí lọ́wọ́ onílé mọ́. Abo lè lóyún láti nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́fà, oyún náà jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63, abo náà sì lè wá akọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ajá kì í yẹra fún ọmọ ìyá rẹ̀.

Ti àìsàn ni kò yẹ ká fi ṣeré rárá. Parvo, tó kọ́kọ́ hàn láyé ní nǹkan bí ọdún 1978 tó sì tàn káàkiri àgbáyé kíákíá, ló ń pa ọmọ ajá pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbà tí ọmọ ajá ti kú sí lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ibi tó yẹ ká gbé òmíràn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ sí. Ọmọ ajá tí a rà lẹ́bàá títì sì lè gbé e wọlé kí àmì kankan tó hàn lára rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe yẹ kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, kí a wẹ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a ó sì máa tún un gbà títí á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

Dìgbòlugi burú ju èyí lọ, nítorí ó ń pa ajá, ó sì ń pa èèyàn. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ló ń kú nítorí rẹ̀ lọ́dọọdún, ní Éṣíà àti Áfíríkà jù lọ. Ara ajá tó bu èèyàn jẹ ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ti kó o, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ kan, láti ìgbà tí ajá bá pé ọmọ oṣù mẹ́ta, tí a sì ń tún un gbà lọ́dọọdún, lè dènà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní bí ajá 70 nínú 100 ní àdúgbò bá ti gbà á, àìsàn náà kì í ríbi ràn mọ́. Nínú ilé, iye tó yẹ kó gbà á ni gbogbo wọn pátá, torí ẹyọ kan tí a fò ló lè lọ pàdé ajá ìgboro lóru, kó sì padà wá sùn ti ọmọ wa. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Epo pupa tàbí àgbo kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́.

Àwọn aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́. Bí ajá kan bá gbó lóru, mẹ́rin ló máa gbó. Mùsùlùmí tó ń lọ kírun àsùbáà kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Àwọn àgbà ní ajá tó ní èèyàn lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Èyí tó ní ajá mẹ́ta lẹ́yìn tún láyà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá jẹ́jẹ́ tó máa ń yà fún ọmọdé nígbà tó bá dá rìn lè lé ewúrẹ́ àti ọmọ iléèwé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pé.

Ní tèmi, ọ̀pọ̀ ilé tó ti ní ajá mẹ́ta ni kò yẹ kó gba ẹ̀kẹrin. Olè, àánú àti dídá wà jẹ́ ìdí gidi, ṣùgbọ́n ajá mẹ́ta tó jẹun dáadáa, tó ń gbọ́ràn, ti lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Àwọn tí mo gbà pé ó yẹ fún ni ẹni tí ajá rẹ̀ ti ń darúgbó, tí fẹ́ǹsì rẹ̀ dúró dáadáa, tí ẹnì kan máa ń wà nílé lọ́sàn-án, tí kò sì ní láti yá owó kó tó san owó dókítà ẹran fún gbogbo wọn. Bí ìjà bá ti wà láàárín àwọn mẹ́ta, kí a má tilẹ̀ dá a lábàá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó yan èyí tí akọ tàbí abo rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní dá ìdíje sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó jẹ́ kí wọ́n pàdé níta ọgbà, ní ibi tí kò sí èyí tó lè sọ pé tòun ni, kálukú lórí okùn tirẹ̀, kí wọ́n jọ rìn díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kó máa bọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àgbà bá kùn sí ọmọ ajá, kó má nà án. Ajá tó kùn ti kìlọ̀, èyí tí a bá sì nà nítorí ìkìlọ̀ lè kọ́ láti bu ni jẹ láìkìlọ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Bí àwọn ajá tó wà nílé yín kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ gbà á kí ẹ tó dá ẹni tó ń fi ọmọ ajá lọ̀ yín lóhùn.