Ta Ni Ó Kọ́ Ta Ní Àwọ̀?

Àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó pé àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọ̀ dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí wọn ni pé Franz Marc ya ẹṣin aláwọ̀ aró ní 1911, ẹṣin tí kò sí irú rẹ̀ láyé. Irọ́ gbáà ni!

Kí ni àwọn ìyá wa ń ṣe nídìí òfì? Kíjìpá wọn kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀. Ìlà aró àti ìlà òwú funfun ni, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni lára àlàárì, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí pupa rẹ̀ lára àgbà tí kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ńlá ni? Funfun Ọbàtálá ńkọ́?

Kirchner àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dresden ní 1905, wo ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà.

Iṣẹ́ Marc dára. Kí a fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kíjìpá ni kí a kọ́kọ́ tẹ́ síwájú rẹ̀, kí ó má baà di àlejò nílé baba rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.