Èsúsú Kò Lérè

Àwọn kan nínú àwa ọ̀mọ̀wé a máa sọ pé ètò ìnáwó kì í ṣe ohun tí a lè fi àṣà Yorùbá kọ́ ọmọ. Pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà, àríyá àti ìnákúnàá ni tiwa. N kò gbà fún wọn. Bí ọ̀dọ́ ìwòyí kò bá mọ owó ṣọ́, àṣà kọ́ ni ó jẹ̀bi. Àwa tí a kò fi àṣà náà kọ́ ọ ni a jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí a wo èsúsú. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, ₦60,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti di onígbèsè ₦55,000. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ni ó ń yá àwọn yòókù lówó. Ọmọ tí ó bá lè ṣe ìṣirò yìí ti mọ ìyàtọ̀ láàrin owó tirẹ̀ àti owó olówó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi wí pé èsúsú kò lérè, iye tí a bá dá ni à ń kó.

Ní ọdún 2016, MMM ṣèlérí èrè 30 nínú 100 lóṣooṣù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n dá owó sísan dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wà nínú àwọn tí ó fara gbá a. Wọ́n kàwé, ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè pé: ta ni ó ń dá èrè yìí? Àwọn ọlọ́jà tí ó kó sí i pẹ̀lú gbàgbé òwe tí wọ́n ti mọ̀.

N kò sọ pé ohun gbogbo ni ó dára láyé àtijọ́. Iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún èlé, kò dín gbèsè kù. Ológò a sì jókòó ti onígbèsè títí yóò fi san án. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ni ó ṣe; ó rí i, ó sì bẹ̀rù gbèsè. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀dọ́ ti ń yá owó eléèlé, àwọn ayánilówó kan a sì máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ìyá, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀. Ológò náà ni, aṣọ ni ó pààrọ̀.

Kí òbí ra kóló fún ọmọ kí ó tó ra fóònù fún un. Kí ó fún un ní owó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ pín in sí oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé àti ìpamọ́. Bí ó bá ná an tán lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí òbí fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kí ó má fi owó kún un. Kí olùkọ́ Yorùbá má sọ èsúsú di àlàyé ìlà mẹ́ta tí ọmọ ń há sórí fún ìdánwò. Kí àwọn ọmọ kíláàsì dá a ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́. Òbí tí ó sì ń yáwó ra aṣọ ẹbí, kí ó yé pe ọmọ rẹ̀ ní àpà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lọ́wọ́ àgbà eku ni ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń wọ̀n ọ́n.